Àìsàn Ẹṣin àti Agbára Ọ̀yọ́-Ilé

Òwe lẹṣin ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ẹṣin fúnra rẹ̀ kì í ṣe ọmọ onílé níbi gbogbo ní ilẹ̀ Yorùbá. Ní ilẹ̀ Àwórì, ní Ìkọ̀tún, Ìgándò àti Ẹ̀gbẹ́dá, igbó àti àbàtà ni ó wà kí ilé tó gba ibẹ̀ kan. Ẹṣin kì í sì í pẹ́ nínú irú igbó bẹ́ẹ̀ kí ó tó kú. Ó yẹ kí a wádìí ohun tí ń pa á, nítorí pé ó lọ́wọ́ nínú ìtàn Ọ̀yọ́.

Ẹṣin lè máa jẹun kí ó sì máa rù. Nígbà mìíràn, ìfun rẹ̀ ni ó wú, tí oúnjẹ kò fi ṣe ara lóore mọ́. Ṣùgbọ́n ní igbó tiwa, inú ẹ̀jẹ̀ ni àrùn náà ń gbé. Eṣinṣin kan tí ń mu ẹ̀jẹ̀, tí à ń pè ní tsetse, ni ó ń kó o ràn án. Ibà a máa wá, a sì máa lọ. Abẹ́ ikùn àti ẹsẹ̀ a wú. Ẹṣin a gbẹ títí yóò fi kú. Ní 1895 ni David Bruce, oníṣègùn ológun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi èyí han ayé láti ilẹ̀ Súlú ní gúúsù Áfíríkà.

Ilẹ̀ ọ̀dàn ni Ọ̀yọ́-Ilé wà, ara sì rọ ẹṣin níbẹ̀ ju inú igbó lọ. Síbẹ̀, ọ̀dọ̀ àwọn ará òkè ọya ni wọ́n ti ń ra púpọ̀ nínú ẹṣin ogun wọn. Ọjà òyìnbó tí wọ́n fi ẹrú gbà ní etíkun wà lára ohun tí wọ́n fi ń sanwó. Nítorí náà, bí ẹṣin bá kú, ọmọ ènìyàn ni a fi ń rọ́pò rẹ̀.

Àìsàn yìí, pẹ̀lú dídí igbó, ni ó pààlà fún ogun ẹlẹ́ṣin. Ní 1726, àwọn ẹlẹ́ṣin Ọ̀yọ́ ṣẹ́gun Dàhòmì, nítorí pé ọ̀dàn apá ibẹ̀ dé ẹ̀bá òkun. Igbó Ìjẹ̀ṣà kò gbà wọ́n bẹ́ẹ̀. Ní nǹkan bí 1840, lẹ́yìn tí Ọ̀yọ́-Ilé ti tú, àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn ṣẹ́gun àwọn ẹlẹ́ṣin Ìlọrin ní Òṣogbo, ní ẹnu igbó.

Nígbà tí Ìlọrin ti bọ́ kúrò lábẹ́ Ọ̀yọ́ ni ọ̀nà ẹṣin ti dí. Bí a bá ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní ìtàn ọba àti ológun, ẹ má jẹ́ kí a gbàgbé eṣinṣin, kí a má sì gbàgbé àwọn tí a tà kí ẹṣin má baà wọ́n láàfin.