Ọ̀pọ̀ Ènìyàn Nìkan Kò Tó Láti Bí Líìgì

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ibi tí èrò bá ti pọ̀ jù ni eré ìdárayá ti ń fìdí múlẹ̀. Ìtàn bọ́ọ̀lù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ta ko èyí. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù 12 ló dá Football League sílẹ̀ lọ́dún 1888. Mẹ́fà wá láti Lancashire: Accrington, Blackburn Rovers, Bolton Wanderers, Burnley, Everton àti Preston North End. Mẹ́fà yòókù wá láti Midlands: Aston Villa, Derby County, Notts County, Stoke, West Bromwich Albion àti Wolverhampton Wanderers. Lọ́ńdọ̀nù kò ní ẹyọ kan níbẹ̀. Ọdún 1893 ni Woolwich Arsenal di ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ tó wọlé láti gúúsù.

Níbí ni sọ́fítíwíà GIS, irú bíi QGIS, ti wúlò fún òpìtàn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti to oríṣiríṣi àkọsílẹ̀ lé ara wọn lórí máàpù kan náà. Great Britain Historical GIS ní Yunifásítì Portsmouth ti kó àbájáde ìkànìyàn àtijọ́ àti ààlà agbègbè àtijọ́ sórí kọ̀ǹpútà. Bí a bá to ẹgbẹ́ 12 yẹn lé ìkànìyàn ọdún 1891, a ó rí i pé Lọ́ńdọ̀nù ní ju mílíọ̀nù mẹ́rin ènìyàn lọ, nígbà tí Accrington kò tó 50,000. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ilé iṣẹ́ òwú àti ojú irin kún un, ọ̀rọ̀ á yé wa. Òfin ọdún 1850 ti ní kí àwọn obìnrin àti ọ̀dọ́ tó ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ aṣọ ṣíwọ́ ní aago méjì ọ̀sán ọjọ́ Sátidé. Òṣìṣẹ́ Lancashire wá ní ọ̀sán Sátidé, ó ní owó ọ̀sẹ̀ lọ́wọ́, ọkọ̀ ojú irin sì ń gbé e dé ìlú kejì láàárín àkókò díẹ̀.

Àwọn kan lè sọ pé Lọ́ńdọ̀nù náà ń gbá bọ́ọ̀lù, pé ibẹ̀ ni wọ́n ti dá Football Association sílẹ̀ lọ́dún 1863. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn ẹgbẹ́ ibẹ̀ kò fẹ́ kí a máa sanwó fún agbábọ́ọ̀lù, Lancashire ló sì jà títí Football Association fi fọwọ́ sí i lọ́dún 1885. Ẹlòmíràn lè ní iye ènìyàn ló borí nígbẹ̀yìn, torí pé Accrington kúrò nínú líìgì lọ́dún 1893. Èyí fi hàn pé èrò ń ran ẹgbẹ́ lọ́wọ́ láti pẹ́. Kò fi hàn pé èrò ló ń bí i. Àtakò tó wúwo jù ni pé máàpù ń fi ohun tó wà pọ̀ hàn, kì í sọ ìdí. Mo gbà bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí a fi gbọ́dọ̀ ka ìwé òfin àti àkọsílẹ̀ ìpàdé mọ́ ọn. Rọ́gíbì náà jẹ́ àpẹẹrẹ: lọ́dún 1895, ní Huddersfield, àwọn ẹgbẹ́ rọ́gíbì àríwá yapa láti dá Northern Union sílẹ̀, nítorí wọ́n fẹ́ san owó iṣẹ́ tí agbárọ́gíbì pàdánù nítorí eré. Ìlú ilé iṣẹ́ ni ọ̀pọ̀ wọn ti wá, bíi ti bọ́ọ̀lù.

Agbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ẹ̀yin òpìtàn eré ìdárayá, ẹ má ṣe fi iye ènìyàn nìkan ṣàlàyé agbègbè kankan mọ́. Ẹ kọ́kọ́ béèrè ìgbà tí òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ń ṣíwọ́.