Oúnjẹ Àsèsílẹ̀ Nínú Ìdílé Òṣìṣẹ́ ní Ìfàkò-Ìjàyè àti Agbègbè Ìkẹjà

Ìfáàrà

Àwọn tí wọ́n ti kọ ìtàn ilé-iṣẹ́ ńlá ní agbègbè Ìkẹjà àti Agége kò ṣàì ka iye ẹ̀rọ, iye owó tí wọ́n fi dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ àti iye òṣìṣẹ́ tí wọ́n gbà. Ohun tí wọn kò fi bẹ́ẹ̀ kà ni ìkòkò. Bẹ́ẹ̀ sì ni, kí fèrè ilé-iṣẹ́ tó dún ní òwúrọ̀, ẹnì kan ti ní láti fún òṣìṣẹ́ náà ní oúnjẹ, kí ó sì fún àwọn ọmọ rẹ̀ tí wọ́n ń lọ sí ilé-ìwé pẹ̀lú. Ìbéèrè tí iṣẹ́ yìí fẹ́ wádìí ni èyí: báwo ni àwọn òbí tí kò ráyè, tí wọ́n sì ní ọmọ kékeré nílé, ṣe ń rí oúnjẹ gbé kalẹ̀ ní Ìfàkò-Ìjàyè àti àyíká rẹ̀ láti ìgbà tí ilé-iṣẹ́ ti gba ipò oko?

Èrò tí ó wọ́pọ̀ ni pé ọ̀làjú ni ó mú oúnjẹ àsèsílẹ̀ wá: fìríìjì, oúnjẹ inú agolo àti oúnjẹ inú ọ̀rá. Èrò yìí kò tọ̀nà. Oúnjẹ tí a ń pèsè sílẹ̀ ṣáájú ọjọ́ jíjẹ ti wà lọ́wọ́ àwọn Yorùbá kí ilé-iṣẹ́ ńlá kankan tó dé. Ohun tí ó yí padà ni ẹni tí ń ṣe iṣẹ́ náà àti wákàtí tí ó ń ṣe é. Oúnjẹ àsèsílẹ̀ kò dín iṣẹ́ kù. Ńṣe ni ó ń gbé iṣẹ́ kúrò ní òwúrọ̀ lọ sí òru tàbí sí ọjọ́ Àìkú, tàbí kí ó gbé e kúrò lọ́wọ́ ìyá ọmọ lọ sí ọwọ́ obìnrin mìíràn tí ń tà á.

Ìgbà oko

Láti ara Agége ni wọ́n ti yọ ìjọba ìbílẹ̀ Ìfàkò-Ìjàyè ní 1996, ṣùgbọ́n orúkọ náà ti pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Apá kejì rẹ̀ ń rán ènìyàn létí Ìjàyè, ìlú Kúrunmí, tí àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn fọ́ ní 1862, tí àwọn ènìyàn rẹ̀ sì fọ́n káàkiri. Ní nǹkan bí 1880, J. P. L. Davies bẹ̀rẹ̀ oko kòkó ní Ìjàn ní tòsí Agége. Lẹ́yìn rẹ̀ ni J. K. Coker, ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn aṣáájú ìjọ African Church, dá oko ńlá sí Ìfàkò. Àwọn olóko wọ̀nyí dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀ ní 1907. Alágbàṣe tí ń gbowó ni wọ́n fi ń ṣe oko wọn, nítorí náà kì í ṣe ilé-iṣẹ́ ńlá ni ó kọ́kọ́ kọ́ ilẹ̀ yìí ní iṣẹ́ owó-oṣù. Ọ̀nà rélùwéè tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í là láti Èkó ní 1896, tí ó sì dé Ìbàdàn, gba Agége kọjá.

Yorùbá jẹ́ ẹ̀yà tí ilé rẹ̀ wà ní ìlú, tí oko rẹ̀ sì lè jìnnà. Àgbẹ̀ tí oko rẹ̀ tó ìrìn wákàtí mélòó kan kò lè máa wá sílé jẹun ọ̀sán, bẹ́ẹ̀ ni arìnrìn-àjò àti jagunjagun kò lè máa ru ìkòkò ọbẹ̀ kiri. Inú ipò yìí ni ọgbọ́n méjì ti gbilẹ̀: ọgbọ́n kíkan àti ọgbọ́n gbígbẹ. Wọn a rẹ àgbàdo sínú omi fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, wọn a lọ̀ ọ́, wọn a sẹ́ ẹ, wọn a sì jẹ́ kí ó silẹ̀ kí ó sì kan. Ìkan yìí gan-an ni kì í jẹ́ kí ògì tètè bàjẹ́. Bí wọ́n bá ń pààrọ̀ omi orí rẹ̀, ó lè wà nílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Wọ́n ń ro ògì náà ní ẹ̀kọ, wọ́n ń pọ́n ọn sínú ewé, ó sì ti di oúnjẹ tí kò tún nílò iná. Iṣu tí wọ́n bọ̀, tí wọ́n sì sá, a di èlùbọ́. Ẹ̀gẹ́ tí wọ́n rin, tí wọ́n fún omi rẹ̀, tí wọ́n sì yan, a di gàrí. Ẹni tí ó ní gàrí àti omi tútù ti ní oúnjẹ ọ̀sán, ọ̀rọ̀ di kí ó rí ẹ̀pà tàbí ẹja yíyan fi kún un.

Ìgbà fèrè

Ní ìparí àwọn ọdún 1950 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún ilé-iṣẹ́ ní Ìkẹjà. Guinness bẹ̀rẹ̀ sí í pọn ọtí níbẹ̀ ní 1962. Ilé-iṣẹ́ aṣọ Nigerian Textile Mills, Dunlop tí ń ṣe táyà, àti Cadbury tí ó kalẹ̀ sí Agidingbi ní 1965, wà lára àwọn tí ó tẹ̀ lé e. Ní 1967, Ìkẹjà kúrò lábẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn bọ́ sábẹ́ Ìpínlẹ̀ Èkó. Àwọn òṣìṣẹ́ kò rí ilé gbà nítòsí ẹnubodè ilé-iṣẹ́. Agége, Ìfàkò, Ìjù àti Muṣin ni wọ́n ti háyà yàrá, nínú ilé olójúkojú tí ìdílé púpọ̀ ti ń lo ibi ìdáná kan ṣoṣo.

Ibi ìdáná yìí ṣe pàtàkì púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Bí ìyàwó mẹ́jọ bá fẹ́ dáná ní aago márùn-ún ìdájí nínú ilé kan náà, ẹni tí kò bá tí ì se nǹkan sílẹ̀ ni yóò pẹ́. Ní àwọn ilé-iṣẹ́ tí ẹ̀rọ wọn kì í dúró, ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n pín ọjọ́ sí: òwúrọ̀, ọ̀sán àti òru. Bàbá a lọ ní òru ọ̀sẹ̀ yìí, a sì lọ ní òwúrọ̀ ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Wákàtí oúnjẹ rẹ̀ kò bá ti ọmọ dọ́gba mọ́. Ọkùnrin ni ó pọ̀ jù nínú àwọn òṣìṣẹ́ náà ní àwọn ọdún 1960, ṣùgbọ́n kò yẹ kí èyí mú ẹnikẹ́ni rò pé ìyàwó wọn jókòó sílé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń ṣòwò, torí pé owó-oṣù ọkọ nìkan kò tó bọ́ ilé.

Ohun mìíràn tún wà. Láti January 1955 tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn, ọwọ́ ọmọ tí ń lọ ata, tí ń fọ ẹ̀wà, tí ń pọn omi ti kúrò nílé ní òwúrọ̀. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ kì í ṣe ọ̀fẹ́ fún ìyá nínú ilé ìdáná, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé inú ìyá náà dùn sí i. Nígbà tí ilé-ìwé kò tó ní Èkó, tí àwọn ọmọ kan ń lọ láàárọ̀, tí àwọn mìíràn ń lọ lọ́sàn-án, ọmọ méjì láti inú ilé kan lè máa jẹun ọ̀sán ní wákàtí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ìjọba Jákàńdè, tí ó wà lórí àlééfà láti 1979 sí 1983, ni ó fòpin sí ètò náà. Ẹ̀rọ ìlọta ni ó gba ipò ọwọ́ ọmọ àti ọlọ. Láìsí i, oúnjẹ tí ó gba ata púpọ̀ tàbí ẹ̀wà bíbó ì bá ti kúrò nílé òṣìṣẹ́ pátápátá.

Ohun tí ìdílé wọ̀nyí wá gbé kalẹ̀ ni ọbẹ̀ ata ọ̀sẹ̀. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tàbí Àìkú ni ìyá yóò lọ ata, tòmátì àti àlùbọ́sà, yóò sè é títí omi rẹ̀ yóò fi gbẹ, yóò wá dín in nínú epo púpọ̀ títí epo yóò fi léfòó. Epo púpọ̀ yìí kì í ṣe ti àṣejù. Omi tí ó bá kù nínú ata ni ó ń mú un kan. Lẹ́yìn náà ni òfin tẹ̀ lé e: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ṣíbí tí ó ti kan ẹnu bọ inú ìkòkò, wọn kò gbọdọ̀ bu omi tútù sí i, wọ́n sì gbọ́dọ̀ gbé e kaná ní òwúrọ̀ àti ní alẹ́. Inú ìkòkò kan yìí ni ọbẹ̀ ìrẹsì, ọbẹ̀ àmàlà àti ata tí wọ́n fi ń jẹ ẹ̀wà ti ń jáde. Wọn kì í se ewédú tàbí ilá sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí pé wọ́n tètè ń bàjẹ́. Ṣùgbọ́n wọn kò gba ju ìṣẹ́jú mélòó kan lórí sítóòfù kẹrosíìnì, bí ata bá ti wà nílẹ̀. Gbogbo èyí wáyé láìsí fìríìjì. Fìríìjì kò wọ́pọ̀ nílé òṣìṣẹ́ nígbà náà, ẹni tí ó sì ní i kò lè fọkàn tán iná NEPA.

Àwọn tí ń tà á

Ọ̀nà kejì ni ríra. Ẹlẹ́kọ, alákàrà àti onímọ́ínmọ́ín ti pẹ́ ní ìlú Yorùbá, kì í ṣe fèrè ni ó bí wọn. Ṣùgbọ́n fèrè pín ọjọ́ fún wọn lọ́nà tuntun. Alákàrà tí yóò tà fún òṣìṣẹ́ òwúrọ̀ gbọ́dọ̀ ti jí ní òru láti bó ẹ̀wà. Onímọ́ínmọ́ín a pọ́n tirẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Nítorí náà, oúnjẹ ìrọ̀rùn ilé kan jẹ́ àìsùn ilé kejì, òbí olọ́mọ kékeré ni ẹlẹ́kọ náà sì máa ń jẹ́. Kò sí ìwé ìṣirò ilé-iṣẹ́ kankan tí ó ka àìsùn yìí mọ́ ohun tí ó náni láti ṣe táyà kan tàbí ìgò ọtí kan.

Adrian Peace, tí ó ṣe ìwádìí láàárín àwọn òṣìṣẹ́ Ìkẹjà tí wọ́n ń gbé Agége, rí nǹkan kan tí ó yẹ ní àkíyèsí. Nínú àwọn iṣẹ́ rẹ̀ tí ó jáde ní àwọn ọdún 1970, ó ta ko èrò pé ọ̀tọ̀ ni ire òṣìṣẹ́ olówó-oṣù, ọ̀tọ̀ ni ti tálákà yòókù. Owó-oṣù ni oníṣòwò kékeré ń retí. Bí ó bá lé, ọjà rẹ̀ á tà. Ní òpin 1970, ìgbìmọ̀ tí Olóyè Simeon Adébọ̀ jẹ́ alága rẹ̀ dámọ̀ràn àfikún owó fún òṣìṣẹ́ nítorí ọ̀wọ́n ọjà. Nígbà tí ọ̀pọ̀ agbanisíṣẹ́ ní Ìkẹjà kọ̀ láti san án, ìyanṣẹ́lódì bẹ́ sílẹ̀ ní January 1971. Ó rọrùn láti ka ìyanṣẹ́lódì náà sí ìjà láàárín òṣìṣẹ́ àti ọ̀gá nìkan. Ẹni tí ó bá wo àtẹ oúnjẹ ẹnubodè yóò rí i pé ẹlẹ́kọ náà wà nínú ìjà ọ̀hún, bí orúkọ rẹ̀ kò tilẹ̀ sí nínú ìwé ẹgbẹ́.

Búrẹ́dì ni ó sún mọ́ ilé-iṣẹ́ jù nínú àwọn oúnjẹ tí wọ́n ń rà. Amos Shackleford, ọmọ Jàmáíkà tí ó wá ṣiṣẹ́ ní rélùwéè ní 1913, dá ilé búrẹ́dì sílẹ̀ ní Èbúté Mẹ́tta ní 1921. Òun ni Peter Kilby, nínú ìwé rẹ̀ lórí iṣẹ́ búrẹ́dì tí ó jáde ní 1965, sọ pé ó mú ẹ̀rọ tí ń fi irin róbótó tẹ ìyẹ̀fun pípò wọ Nàìjíríà. Ìtẹ̀ yìí ni ó ń jẹ́ kí búrẹ́dì náà ki, kí ó sì rọ̀, láìsanra bí fùlùfúlù. Agége ni orúkọ rẹ̀ ti ràn. Ìtàn àtẹnudẹ́nu níbẹ̀ so ó mọ́ ilé búrẹ́dì Ayọ̀kúnnú àti àwọn tí ń ru ú tà fún èrò ọkọ̀ ojú irin. Búrẹ́dì pẹ̀lú àkàrà, tàbí búrẹ́dì pẹ̀lú Bournvita tí Cadbury ń ṣe ní Agidingbi, kò gba ju omi gbígbóná lọ. Ṣùgbọ́n òkè òkun ni àlìkámà ti ń wá. Nígbà tí ìjọba fòfin de kíkó o wọlé láti January 1987, búrẹ́dì gbówó lórí, àwọn oníbúrẹ́dì sì ń dán ìyẹ̀fun àgbàdo àti ti ẹ̀gẹ́ wò. Títí wọ́n fi gbé òfin náà kúrò ní 1992, ilé tí ó ti gbàgbé ògì tún rántí rẹ̀.

Oúnjẹ ọmọ

Ibi tí ọ̀rọ̀ ìrọ̀rùn ti le jù ni oúnjẹ ọmọ ọwọ́. Ògì ni wọ́n fi ń gba ọmú lẹ́nu ọmọ, nítorí pé ó wà nílẹ̀, ó sì yá ní sísè. Ṣùgbọ́n sísẹ́ tí wọ́n ń sẹ́ ẹ máa ń yọ èèpo àti ọmú àgbàdo dànù, ohun tí ń mú ara ọmọ dàgbà sì ń bá a lọ. Ilé ìwádìí ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Òṣòdì ní 1956, tí kò jìnnà sí Ìkẹjà, mú ọ̀rọ̀ yìí ní òkúnkúndùn. I. A. Akinrele àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ yẹ ìkan ògì wò fínnífínní, wọ́n sì ṣe ògì tí wọ́n po ẹ̀wà sóyà mọ́. Ó dára, ṣùgbọ́n ìyá tí kò ra ògì alápò ti ní tirẹ̀ tẹ́lẹ̀: edé lílọ̀, ẹ̀wà tí wọ́n bó tí wọ́n sì lọ̀, tàbí wàrà agolo nígbà tí owó bá wà. Kì í ṣe àìmọ̀kan ni ó ń jẹ́ kí ògì ọmọ kan dá wà láìsí àdàlù. Owó ni, àti wákàtí.

Ní 1988 ni Indomie kọ́kọ́ wọ ọjà Nàìjíríà; lẹ́yìn náà ni wọ́n wá ń ṣe é ní Ọ̀tà, ní òdìkejì ààlà Ìfàkò-Ìjàyè. Ó bọ́ sí àkókò tí ilé-iṣẹ́ Ìkẹjà ń dín òṣìṣẹ́ kù. Dunlop dáwọ́ táyà ṣíṣe dúró ní 2008. Òbí tí kò ráyè ti di awakọ̀, oníṣòwò tàbí akọ̀wé tí ń jókòó sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ fún wákàtí púpọ̀, Indomie sì di ohun tí ọmọ ọdún mẹ́wàá lè sè fún àbúrò rẹ̀ kí ìyá tó dé. Síbẹ̀, ìkòkò ata Àìkú kò kúrò nílẹ̀, inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń bu ata sí Indomie ọ̀hún. Ní ilé tí wọ́n ti ń kó ògì sínú fìríìjì lónìí, bí iná bá lọ fún ọjọ́ méjì, wọn a gbé e jáde, wọn a da omi orí rẹ̀ nù, wọn a sì bu òmíràn sí i.