Gíà

gíà, ọ̀rọ̀-orúkọ àyálò láti inú èdè Gẹ̀ẹ́sì. 1. Kẹ̀kẹ́ irin eléyín tí ó ń yí òmíràn nípa pé eyín wọn wọnú ara wọn. 2. Ìpele kọ̀ọ̀kan tí awakọ̀ lè yàn láàárín ẹ́ńjìnì àti táyà. 3. Nínú ọ̀rọ̀ ẹnu, ọ̀pá tí awakọ̀ fi ń yan ìpele náà.

Ìlò. A máa ń fi ọkọ̀ sí gíà, a sì máa ń pààrọ̀ gíà. Bí ọkọ̀ kò bá sí nínú gíà kankan, ó wà ní fíríì. Àpẹẹrẹ: "Fi í sí gíà kejì." "Gíà kò wọlé, tẹ kílọ́ọ̀ṣì dáadáa." Gíábọ́ọ̀sì ni àpótí irin tí àwọn kẹ̀kẹ́ eléyín náà wà nínú rẹ̀.

Àlàyé. Ìtumọ̀ kejì ni ó máa ń da olùtumọ̀ láàmú. Ẹ́ńjìnì bẹntiróòlù kì í lágbára bákan náà nígbà gbogbo. Bí ó bá ń yí ní nǹkan bí ìgbà 800 ní ìṣẹ́jú kan, ìwọ̀nba tí kò fi ní kú ni agbára rẹ̀. Láàárín 2,000 sí 5,000 ni ó ti ń ṣiṣẹ́ gidi. Bí ó bá sì kọjá 6,000 dáadáa, ó lè ba ara rẹ̀ jẹ́. Táyà ní tirẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ láti orí ìdúró. Gíábọ́ọ̀sì ni alárinà àwọn méjèèjì.

Ká ní Nissan Micra kan kó àpò gàrí láti Ìyànà Ọ̀fà, olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Lágelú, tí ó ń lọ sí Ìbàdàn. Ní eré 20 kìlómítà ní wákàtí kan, táyà rẹ̀ ń yí ní nǹkan bí ìgbà 190 ní ìṣẹ́jú kan. Bí gíà kẹrin bá ń mú ẹ́ńjìnì yí ní ìgbà 4 fún ìyípo táyà kan, ẹ́ńjìnì yóò máa yí ní 760, yóò sì fẹ́ kú lórí òkè. Bí gíà kìn-ín-ní bá ń mú un yí ní ìgbà 14, yóò wà ní 2,660, níbi tí agbára rẹ̀ wà. Ipá ìyí tí ó dé táyà náà yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po 14 ti ẹ́ńjìnì. Gíà kò fi agbára kankan kún un. Ó fi eré ra ipá ni. Nítorí náà, ẹni tí ó bá túmọ̀ ipá ìyí sí "agbára" ti da nǹkan méjì pọ̀. Ní ayé bọ́lẹ̀kájà, ọmọ ọkọ̀ ni ó máa ń fò sílẹ̀ láti ti igi sẹ́yìn táyà bí awakọ̀ bá pẹ́ jù kí ó tó pààrọ̀ gíà lórí òkè.

Àkíyèsí fún olùtumọ̀. Ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "low gear" kì í ṣe "gíà kékeré": nínú gíà kìn-ín-ní, kẹ̀kẹ́ eléyín ńlá ni èyí tí a ń yí. Kì í sì í ṣe "gíà ìsàlẹ̀", nítorí lórí ọ̀pá gíà ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀, iwájú ni gíà kìn-ín-ní wà. Ẹ dárúkọ nọ́ńbà: "gíà kìn-ín-ní tàbí ìkejì".

Bí ọ̀rọ̀ náà bá wà lára àmì ìkìlọ̀ ní ojú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, "dín eré kù" nìkan kò tó. Awakọ̀ tí ó bá ka èyí yóò máa tẹ bíréèkì láti òkè dé ìsàlẹ̀, bíréèkì ọkọ̀ ẹrù yóò gbóná, kò sì ní mú mọ́. Gíà ni kí ẹ́ńjìnì fi di ọkọ̀ mú. Ẹ kọ ọ́ báyìí: "Fi ọkọ̀ sí gíà kejì kí o tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀." Àwọn kan máa ń fi ọkọ̀ sí fíríì níbẹ̀ kí epo má baà tán, àmọ́ ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnì òde òní máa ń dá epo dúró fúnra wọn bí ọkọ̀ bá wà nínú gíà tí ẹsẹ̀ kò sì sí lórí ìtẹ̀ epo.

Ọkọ̀ ọ́tò, èyí tí General Motors kọ́kọ́ pọ̀ lọ́jà láti ọdún 1939, ń pààrọ̀ gíà fúnra rẹ̀. Níbẹ̀, "L" tàbí "2" lára ọ̀pá gíà ni kí ẹ kọ. Ẹ má ṣe túmọ̀ lẹ́tà náà.

Tún wo: bíréèkì, ipá, kílọ́ọ̀ṣì.