Bí A Ṣe Ń Dá Nọ́ńbà Àìṣeépín Mọ̀ Yàtọ̀ sí Èyí Tó Ṣeé Pín

Gbogbo ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ní Ìjàrè, Àkúrẹ́ àti Oǹdó ló ń kọ́ ọ pé 15 ṣeé pín sí 3 àti 5, àti pé 13 jẹ́ àìṣeépín: kò ní ohun tó lè pín in láìṣẹ́kù, àfi 1 àti òun fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló kọ́kọ́ rí ìyàtọ̀ yìí? Ẹnu àwọn ìwé kò kò lórí rẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi kó ọ̀rọ̀ wọn jọ, tí mo sì gbé e yẹ̀ wò.

Nínú òǹkà tiwa, ogún mẹ́ta ni ọgọ́ta, ogún márùn-ún sì ni ọgọ́rùn-ún. Orúkọ wọn ti sọ ohun tó pín wọn. Ṣùgbọ́n mọ́kàndínláàádọ́ta àti mọ́kàndínlọ́gọ́ta jọra: 7 lọ́nà 7 ni 49, bẹ́ẹ̀ ni 59 kò ṣeé pín. Orúkọ nìkan kò tó.

Ní 1950, Jean de Heinzelin rí egungun kan ní Ishango, ní Congo, tí wọ́n fín ìlà sí lára. Ẹsẹ̀ ìlà kan ka 11, 13, 17, 19, ó sì rò pé àìṣeépín ni wọ́n ń kà. Alexander Marshack ní òṣùpá ni. N kò gba ti àkọ́kọ́, torí 21 àti 9 wà nínú ẹsẹ̀ ìlà kejì, kò sì sí àmì ìpín kankan lára egungun náà.

Ẹ̀rí tó dájú bẹ̀rẹ̀ ní Alẹkisáńdíríà, ní Íjíbítì. Níbẹ̀, ní nǹkan bí ọdún 300 ṣáájú ìbí Jésù, Euclid fi hàn pé àìṣeépín kò lópin. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Eratosthenes, ọmọ Cyrene ní ilẹ̀ Líbíà òde òní, gbé asẹ́ rẹ̀ kalẹ̀: kọ nọ́ńbà láti 2 lọ; fi 2 sílẹ̀, pa gbogbo ìlọ́po rẹ̀ rẹ́; ṣe bẹ́ẹ̀ fún 3, 5, 7. Àwọn tó bá ṣẹ́kù ni àìṣeépín.

Ibo ni ká ti dúró? Mú 221. 15 lọ́nà 15 jẹ́ 225, ó ti kọjá a; nítorí náà 2, 3, 5, 7, 11 àti 13 nìkan la máa dán wò. 13 lọ́nà 17 ló jẹ́ 221. Bí nọ́ńbà bá pín sí méjì, ìpín méjèèjì kò lè tó 15 kí ó má ju 221 lọ. Àwọn kan ní Ibn al-Banna ará Marrakesh ló rí ọgbọ́n yìí, Fibonacci sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Kò lè rí bẹ́ẹ̀: 1202 ni ìwé Fibonacci jáde, 1256 ni wọ́n bí Ibn al-Banna. Síbẹ̀ Fibonacci fúnra rẹ̀ kọ ọ́ pé Béjaïa, ní Àlùjíríà, níbi tí bàbá òun ti ń ṣiṣẹ́, ni òun ti kọ́ ìṣirò. Ilẹ̀ Áfíríkà ni ẹ̀kọ́ náà ti bá a.

Ní ti 1, kò sí nínú àìṣeépín, kò sì sí nínú èyí tó ṣeé pín. Kí ẹnikẹ́ni má fi í fa ọ̀rọ̀ gùn.

Ní 1640, Fermat gbé òfin kan kalẹ̀ tí ìdánwò kan tó yá ti inú rẹ̀ jáde, ṣùgbọ́n 341, tó jẹ́ 11 lọ́nà 31, ń rá pálá kọjá bí a bá fi 2 ṣe ìpìlẹ̀ ìdánwò náà. Ní 2002, Agrawal, Kayal àti Saxena ní Kanpur, ní Íńdíà, rí ọ̀nà tó yá tí kì í ṣìnà. Àìṣeépín tó tóbi jù tí wọ́n rí ní oṣù kẹwàá 2024 ní dígíìtì 41,024,320.

Ẹ̀yin olùkọ́ ìṣirò, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ibi tí a ti ń dúró han àwọn ọmọ láti ọjọ́ àkọ́kọ́, kí ẹ sì dárúkọ Cyrene àti Béjaïa fún wọn.