Bí Exact Audio Copy Ṣe Dé Orí Linux

Exact Audio Copy, tí àwọn tó ń lò ó ń pè ní EAC, jẹ́ ètò kọ̀ǹpútà tí ọ̀pọ̀ ẹni tó ń kó orin àwo CD sínú kọ̀ǹpútà fọkàn tán gidigidi. Andre Wiethoff, tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Dortmund ní Jámánì, ló dá a sílẹ̀ ní ọdún 1998, nígbà tó sú u pé àwọn ètò ìgbà náà kò lè tún àṣìṣe orí àwo tó ti ha ṣe tán. Windows ló kọ ọ́ fún, kò sì fi kóòdù rẹ̀ síta. Nítorí náà, àwọn tó ń lo Linux, tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ ní 1991, kò rí i tún kọ fún kọ̀ǹpútà tiwọn. Ohun méjì ló kù fún wọn: kí wọ́n ṣe tiwọn, tàbí kí wọ́n wá bí ètò Windows yóò ṣe ṣiṣẹ́ lórí Linux. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Méjèèjì ni wọ́n tọ̀.

Kíkó orin kúrò lórí CD le ju bí ojú ṣe rí i lọ, nítorí gbígbọ́ ni wọ́n ṣe àwo náà fún, wọn kò ro ti kọ̀ǹpútà mọ́ ọn. Philips àti Sony ló jọ fi ìlànà rẹ̀ lélẹ̀ ní 1980. Àwo náà bọ́ sọ́jà ní Japan ní oṣù Kẹwàá ọdún 1982. Orin ìṣẹ́jú àáyá kan pín sí apá 75 lórí àwo, apá kọ̀ọ̀kan sì ní báìtì 2,352. Nígbà tí CD-ROM, àwo tó wà fún fáìlì kọ̀ǹpútà, dé, wọ́n bù nínú báìtì wọ̀nyí fún àmì tó ń fi ibi tí apá kọ̀ọ̀kan wà hàn àti fún àfikún àtúnṣe àṣìṣe, ó wá ku 2,048 fún fáìlì. Báìtì orin kò ní irú àmì bẹ́ẹ̀ láàárín wọn. Bí ẹ̀rọ tó ń ka àwo bá dánu dúró, tó wá fẹ́ padà síbi tó kà dé, ó lè má bọ́ síbẹ̀ gẹ́lẹ́: ó lè tún díẹ̀ kà, ó sì lè fo díẹ̀, orin á wá máa ta kọ́ létí. Níbi tí àwo bá sì ti ha, ẹ̀rọ lè méfò ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀, kó fi dí àlàfo náà láìsọ fún kọ̀ǹpútà.

Ọgbọ́n tí EAC ta sí i ni pé kì í gba ẹ̀rọ gbọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó kéré tán, ẹ̀ẹ̀mejì ló ń ka apá kọ̀ọ̀kan. Bí méjèèjì kò bá bára mu, á tún un kà ní ìgbà 16, á máa wá mẹ́jọ tó jọra nínú wọn. Bí kò bá rí i, ó lè ṣe ọ̀wọ́ 16 náà dé ẹ̀ẹ̀marùn-ún, débi pé ó lè ka ibi tó bàjẹ́ jù lọ ní ìgbà 82. Bó bá kùnà síbẹ̀, á kọ àkókò tí àbùkù náà wà nínú orin sílẹ̀, kí ẹni tó ń kó orin mọ ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ti ọ̀nà àkọ́kọ́, ìyẹn kí wọ́n ṣe tiwọn, Heiko Eissfeldt ti kọ ètò ìkó-orin cdda2wav, Christopher Montgomery tí wọ́n ń pè ní Monty sì bẹ̀rẹ̀ sí í tún un ṣe ní 1997. Àtúnṣe yìí ló di cdparanoia. Ó ń ka àwo ní ìdì tó gorí ara wọn, á wá fi etí ìdì kan wé ti èkejì kó tó so wọ́n pọ̀. Ohun kan dà á láàmú fún ìgbà pípẹ́: ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ a máa tọ́jú ohun tí wọ́n kà sínú ìrántí, bí ètò bá sì ní kí wọ́n tún un kà, ti inú ìrántí ni wọ́n á gbé jáde láìfojú kan àwo rárá. Ìdì kejì kì í wá ṣe ẹ̀rí kankan. Ẹ̀dà 10, tó jáde ní 2008, ló wá ní ọ̀nà àtiyẹ ìrántí ẹ̀rọ wò.

Ọ̀nà kejì gba inú Wine kọjá. Bob Amstadt àti Eric Youngdale ló bẹ̀rẹ̀ Wine ní 1993. Láti 1994 ni Alexandre Julliard ti ń darí rẹ̀, ẹ̀dà 1.0 sì jáde ní oṣù Kẹfà ọdún 2008. Iṣẹ́ ògbufọ̀ ni Wine ń ṣe: ohun tí ètò Windows bá béèrè, á sọ ọ́ ní èdè tí Linux gbọ́. Ètò ìkọ̀wé lè má fún un ní wàhálà púpọ̀, ṣùgbọ́n EAC ń fẹ́ pàṣẹ fún ẹ̀rọ ìkàwo ní tààràtà, yálà nípasẹ̀ ASPI tí Adaptec ṣe, tàbí nípasẹ̀ ọ̀nà tó wà nínú Windows NT fúnra rẹ̀. Àṣẹ SCSI, ọ̀kan nínú ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀, ni àwọn àṣẹ náà, bẹ́ẹ̀ IDE, tó jẹ́ ìlànà mìíràn, ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tó wà nínú kọ̀ǹpútà inú ilé ń lò kí Linux 2.6 tó dé. Láyé ìgbà náà, ẹni tó ń lo Linux a máa kọ ọ̀rọ̀ bíi hdc=ide-scsi sí ìlà tí kọ̀ǹpútà ń kà nígbà tó bá ń jí, kí Linux lè ka ẹ̀rọ IDE sí SCSI. Nígbà tí Linux 2.6 dé, ọ̀nà tó ń jẹ́ SG_IO gba irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ láìsí ìyẹn mọ́, orí rẹ̀ sì ni Wine ń gbé àṣẹ EAC gbà.

Ìyókù kù sọ́wọ́ ẹni tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà. Nínú fódà dosdevices tí Wine ń lò, orúkọ d: ń tọ́ka sí fódà tí fáìlì àwo á ti hàn, d:: sì ń tọ́ka sí ẹ̀rọ náà gan-an, bíi /dev/sr0. Àwo orin kò ní fáìlì tí yóò hàn, nítorí náà d:: yìí ni iṣẹ́ dúró lé. Ẹni náà tún gbọ́dọ̀ ní àṣẹ lórí ẹ̀rọ. Lórí Debian, ẹgbẹ́ cdrom ni wọ́n á fi orúkọ rẹ̀ sí. Bí ọ̀kan nínú nǹkan wọ̀nyí bá yẹ̀, EAC lè ṣí, kó má sì rí ẹ̀rọ kankan.

Nígbà tó yá, ọ̀nà méjèèjì pàdé. Thomas Vander Stichele kọ morituri fún Linux, ó sì gbé ohun tí wọ́n fẹ́ràn lára EAC lé orí cdparanoia: àtúnṣe sí ibi tí oríṣi ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ti ń bẹ̀rẹ̀ kíkà, àti fífi orin tí wọ́n kó wé ti àwọn ẹlòmíràn nínú àkójọ AccurateRip. Nígbà tí iṣẹ́ lórí rẹ̀ dáwọ́ dúró, àwọn mìíràn gbé kóòdù rẹ̀, wọ́n sọ ọ́ di whipper.

Fún ẹni tó ń lo Linux lónìí, whipper tó o. EAC nínú Wine yẹ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ ọn. Èyí tó wù kó jẹ́, kí ẹni tó ní àwo nílé tètè kó orin inú wọn sínú kọ̀ǹpútà. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tuntun kò ní ẹ̀rọ ìkàwo mọ́, kò sì sí ètò tó lè ka àwo tó ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe.