Ọmọ inú ló ń dá ọjọ́ ìbí: ẹ ṣọ́ abẹ́rẹ́ tí ẹ ń gún ẹran tó lóyún

Ẹ̀yin àgbẹ̀ àti oníṣòwò ẹran wa, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń sin àgùntàn àti ewúrẹ́ nínú àgbàlá ní Ìsàlẹ̀ Èkó, oyún wọn kì í ju nǹkan bí oṣù márùn-ún lọ. Ta ló ń dá ọjọ́ ìbí?

Púpọ̀ nínú wa á ní ìyá ẹran ni. Ní 1967, Mont Liggins, dókítà aláboyún ní New Zealand, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé tí wọ́n bá ba gland tó wà nísàlẹ̀ ọpọlọ ọmọ àgùntàn inú oyún jẹ́, ọjọ́ á pé, ìyá ò ní rọbí. Lẹ́yìn náà ló fún ọmọ inú ní cortisol. Ìyá bí kí ọjọ́ tó pé.

Bó ṣe rí nìyí: tí ọmọ bá gbó, gland orí kíndìnrín rẹ̀ á tú cortisol jáde. Progesterone tó di oyún mú á wá sílẹ̀, oestrogen á gòkè, ìrọbí á bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ló ránṣẹ́, ìyá ló jẹ́ ẹ.

Abẹ́rẹ́ dexamethasone máa ń ṣe bíi cortisol yìí. Tí ẹ bá gún un fún ẹran tí oyún rẹ̀ ti gbó, ó lè bí ọmọ tí kò lè mí dáadáa. Nítorí náà, ẹ sọ fún dókítà ẹran pé ó lóyún kó tó gún un. Ẹ̀yin tí ẹ ń tà, ẹ sọ oṣù oyún fún ẹni tó ń rà.