Tò

Tò: ọ̀rọ̀-ìṣe. Kí á fi nǹkan sípò ní ẹsẹẹsẹ. Bí ọ̀rọ̀-orúkọ bá tẹ̀ lé e, ohùn rẹ̀ a di àárín: to ìwé. Ìbátan rẹ̀ ni ètò àti àtòjọ.

Ní ìlú Ọ̀wọ̀ láyé àtijọ́, ọwọ́ ni wọ́n fi ń to ère eyín erin kéékèèké mọ́ ara orufanran, aṣọ oyè. Ní ilé iṣẹ́ ìgbàlódé, ẹ̀rọ ló ń tò. Wọ́n á da ìdérí ìgò sínú abọ́ irin tó ń gbọ̀n; ìgbọ̀n náà á máa tì wọ́n gòkè lójú ọ̀nà tóóró tó yí inú abọ́ ká. Èyí tó dojú dé á já bọ́ padà sísàlẹ̀; èyí tó kọjú dáadáa á kọjá. Ẹ jẹ́ kí á máa pè é ní ẹ̀rọ atò.